Ẹ wo abẹ́ jíìpù kí ẹ tó sanwó rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Òjò ti fẹ́ wọlé, àsìkò yìí sì ni àwọn èèyàn wa ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ máa ń wá jíìpù tòkunbọ̀ kiri, nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, nítorí kòtò ojú títì, nítorí ìrìn àjò ọdún. Ohun kan ń dùn mí nínú ọjà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó àwọn òǹkàwé yín létí. Púpọ̀ nínú jíìpù tí à ń rà lórúkọ fọ́ọ̀-wíìlì ni kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì rárá: táyà méjì péré ló ń fà nínú wọn. Àwọn míì sì wà tí wọ́n ní in lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó ti kú sí wọn lábẹ́ tipẹ́tipẹ́, tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, tí ẹni tó ń rà á kò béèrè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n tó ń mọ̀.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí. Iléṣà ni ilé wa, Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, mò ń gba Òṣú lọ, mò ń gba Òṣú bọ̀, ó sì lé ní 60 kìlómítà ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá mọ títì Ifẹ̀ sí Iléṣà kò nílò kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, oko kòkó ọkọ mi tó wà lọ́nà Ìfẹ̀wàrà ló kàn. Bí iléèwé bá sì gba ìsinmi, àwa àti àwọn ọmọ a kó àgọ́, ìkòkò àti ẹní, ó di Ìkògòsì, ó di Ìdànrè, ó di ibi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Èmi kò gbà pé inú ìwé nìkan ló yẹ kí ọmọ ti mọ òkè àti odò ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la sì lágbára àtirà fún gbogbo rẹ̀, iṣẹ́, oko àti ìrìn àjò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti nínú ìwé tó ń bá ọkọ̀ wá.

Nígbà tí a ń wá èyí tí mò ń wà báyìí, àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bọ̀dá Kékeré gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, ló bá mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Jíìpù dúdú kan wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ń kọ mànà, awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Bọ̀dá Kékeré ní, "Ìyàwó wa, èyí ni ká gbé." Ọmọkùnrin tó ń tà á ti ṣílẹ̀kùn fún mi: "Mọ́mì, ẹ jókòó sínú rẹ̀ ná, ẹ ó rí i pé tiyín ni." Mo ní kó ṣe sùúrù, kí ọ̀gá mẹkáníìkì tó tẹ̀ lé wa wọ abẹ́ rẹ̀ ná. Ọ̀gá tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wọ́ wọlé, kò sì pẹ́ tó fi pè mí: "Mà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ibí yìí." Kò sí ṣáàfù kankan, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, tó lọ síwájú. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Ọmọkùnrin náà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún wa o. Ó gbà tọkàntọkàn pé bí ọkọ̀ bá ti ga, tí táyà rẹ̀ sì tóbi, fọ́ọ̀-wíìlì ni. Ohun tí wọ́n sọ fún un níbi tó ti rà á ni òun náà ń sọ fún wa.

Irú méjì ló pọ̀ jù lójú títì wa, wọ́n sì yàtọ̀ síra gan-an. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí wọ́n ṣe bíi káà, tí wọn kò ní ṣáásì, ìyẹn férémù irin tí a gbé ara ọkọ̀ kà, lọ́tọ̀: Toyota Highlander, RAV4, Honda CR-V, Lexus RX. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, wọ́n ta èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà, wọ́n sì ta èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè fìyàtọ̀ sí wọn. Ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ẹ bá rí dífù níbẹ̀, ìyẹn irin róbótó tí ọ̀pá ti ara rẹ̀ jáde lọ sí táyà ọ̀tún àti ti òsì, tí ṣáàfù gígùn kan sì ti iwájú wá bá a, a jẹ́ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, iwájú nìkan ni. Èyí tó tiẹ̀ ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nínú wọn kò ní gíà ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ jáde nínú ẹrẹ̀ jíjìn.

Irú kejì ni àwọn tí wọ́n gbé ka orí ṣáásì: Toyota 4Runner, Land Cruiser Prado, Lexus GX 470, Nissan Xterra, àti Nissan Pathfinder tí wọ́n ṣe láti 2005 títí dé 2012. Nínú ìwọ̀nyí náà, ẹ ṣọ́ra. 4Runner, Xterra àti Pathfinder tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni ti ń ṣì í. Fún irú yìí, iwájú ni kí ẹ yẹ̀ wò: dífù gbọ́dọ̀ wà láàárín táyà iwájú méjèèjì. Nínú ọkọ̀, ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, tàbí bọ́tìnì róbótó kan lára dásíbọ́ọ̀dù, gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n kọ nǹkan bíi 4H (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) àti 4L (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pẹ̀lú gíà ìsàlẹ̀) sí lára. GX 470 ní tirẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fi fà nígbà gbogbo, kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní méjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí ẹ bá ti wọ 4H nínú ọkọ̀ tí a máa ń yí fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ wọlé, tí kò sì ní dífù àárín tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí tí a ti ti dífù àárín rẹ̀ pa, ṣe ni ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn di ara wọn mú, tí wọ́n ń yí ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni méjì tó gbé ìtí igi kan léjìká tí ọ̀kan kò lè yára ju èkejì lọ. Lórí ẹrẹ̀ tàbí yanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á sì tú dànù. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò lè yọ̀, agbára náà á wá máa lọ́ sínú ṣáàfù àti àwọn eyín irin inú dífù títí nǹkan kan yóò fi ṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi irú 4H bẹ́ẹ̀ sáré láti Iléṣà dé Ifẹ̀ lórí títì gbígbẹ, tó rò pé ọkọ̀ òun á tún dúró dáadáa, ó ń ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni. Ti 4L, ibi tí kò bá ṣeé sáré rárá ló wà fún: òkè gíga, ẹrẹ̀ jíjìn, ibi tí ẹ bá ti fẹ́ fa ọkọ̀ ẹlòmíì jáde.

Bí a ṣe ń dán an wò nìyí, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ wa ọkọ̀ náà lọ síbi ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà. Ẹ wọ 4H, kí ẹ wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ wo iná rẹ̀ lójú dásíbọ́ọ̀dù. Ó lè kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wá tàn kó dúró sójú kan. Bí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ti dífù àárín pa bá wà níbẹ̀, bíi ti GX 470, ẹ tẹ òun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, ẹ jẹ́ kó máa yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ń wúwo, pé ó ń fà sẹ́yìn bí ẹni pé bíréèkì ń dì í mú. Ó ti wọlé nìyẹn. Bí ó bá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ẹ kò tẹ nǹkan kan, iná lásán ló ń tàn. Ẹ tún dá ọkọ̀ dúró, ẹ fi gíà sí N, ẹ wọ 4L. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ epo sí i, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ké nígbà tí ọkọ̀ ń rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá ń ké tí kò wọlé, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró irin tó ń há irin, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún oníǹkan.

Ohun tó máa ń pa fọ́ọ̀-wíìlì jù ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lò ó rí. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo iná ló ń ti irin wọlé nínú dífù iwájú ọ̀pọ̀ Toyota, bí a kò bá sì lò ó fún ọdún púpọ̀, á gan síbi tó wà. Inú ìwé tó bá ọkọ̀ Toyota wá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a máa fi fọ́ọ̀-wíìlì rìn tó 16 kìlómítà lóṣooṣù kí ọ́ìlì lè kárí àwọn irin iwájú. Ọ̀nà oko wa ń ṣe ìyẹn fún mi láìjẹ́ pé mo ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò ní oko, kó wá ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà.

Ohun kejì tí wọ́n ń fi ọ̀dà bò lójú wa ni irin tó ti dógùn-ún. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ ṣáásì láti inú wá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé lọ́dún 2016, nínú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Toyota gbà láti yẹ ṣáásì Tacoma tí wọ́n ṣe láàárín 2005 àti 2010 wò, pẹ̀lú Tundra ọdún 2007 àti 2008, àti Sequoia 2005 sí 2008, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè máa pààrọ̀ ṣáásì, kí ni kí àwa tí kò ní ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún wa ṣe? Ẹ mú òòlù kékeré dání. Ẹ máa fi kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ibi tó tẹ̀ sókè lórí táyà ẹ̀yìn. Irin tó le á dún gbaingbain. Èyí tó ti jẹ á dún kẹ̀kẹ̀, nígbà míì òòlù á tiẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbogbo abẹ́ rẹ̀ ní dúdú, tó ń dán ju ara ọkọ̀ lọ, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bò.

Àwa Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ayé ń pè ní Òṣómàáló, àwa tí bàbá wa kì í dìde lẹ́nu ọ̀nà ajẹgbèsè títí owó aṣọ rẹ̀ yóò fi pé, ó yẹ ká lè ní sùúrù wákàtí kan lórí mọ́tò tí a fẹ́ fi owó ọdún púpọ̀ rà.

Omi náà wà. Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012, àti Harvey tó kọlu Houston ní 2017, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ló rì sínú omi nínú wọn, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń rí ọ̀nà dé ọjà tòkunbọ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ sókè kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo irin tí àga ń rìn lórí rẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún. Ẹ wo inú iná iwájú bóyá omi tàbí àmì ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Wáyà tó ti mu omi kò ní sọ fún yín lónìí, ọdún tó ń bọ̀ ni rewáyà yóò máa wá a kiri.

Ti nọ́mbà ṣáásì, mẹ́tàdínlógún ni àwọn àmì inú rẹ̀, kò sí I, O tàbí Q láàárín wọn. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún tí wọ́n pe ọkọ̀ náà: 3 ni 2003, 9 ni 2009, A sì ni 2010. Ẹ fi èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú wé ti ara ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé kankan fún yín.

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí ẹ lè bá ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù, ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀ kí wọ́n tó tan án. Ẹni tó ti jí wá gbé ọkọ̀ gbóná dè yín ní ohun tó ń fi pamọ́. Míìtà ọkọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà, nítorí náà 120,000 tí ẹ bá rí níbẹ̀ ti lé ní 190,000 kìlómítà. Bí rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì bá ti jẹ tán tí míìtà sì ń sọ 60,000, ẹsẹ̀ bíréèkì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Wàyí o, èwo ni kí èèyàn rà? Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń dárúkọ ọkọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo ló ń pinnu ohun tí òṣìṣẹ́ lè wà lọ síbi iṣẹ́. 4Runner tó ní ẹ́ńjìnnì V6 onílítà mẹ́rin máa ń rin bíi kìlómítà 7 lórí lítà kan. RAV4 onílítà 2.4 á rin bíi 9, ó lè súnmọ́ 10. Fún èmi tí mò ń lọ Ifẹ̀ lójoojúmọ́, lítà méjì ó lé díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà lójúmọ́ kan, owó gidi sì ni lópin oṣù. Ẹni tí kì í kúrò lórí ọ̀dà, tó kàn fẹ́ jókòó sókè kó má baà ha abẹ́ ọkọ̀ nínú kòtò, kó ra RAV4 tàbí Highlander tí táyà iwájú ń fà, kó sì máa yọ̀. Kò pàdánù ohunkóhun. Táyà mẹ́rin tó ń fà túmọ̀ sí ṣáàfù, dífù àti ọ́ìlì púpọ̀ sí i tí èèyàn ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ oko bíi tiwa, tí amọ̀ pupa ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà ń dúró dè lóṣù Kẹsàn-án nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, èmi yóò ní kó wá 4Runner V6 tí wọ́n ṣe láàárín 2003 àti 2009, tó ní fọ́ọ̀-wíìlì tí a ti dán wò. Òun ni mo rà. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 4.7, àti GX 470 tó ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà, lágbára, wọ́n sì tuni lára lọ́nà jíjìn, àmọ́ bẹ́líìtì ni tiwọn, tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní 90,000 máìlì, ìyẹn bíi 145,000 kìlómítà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san. Highlander àti RX àtijọ́ tó ní V6, bẹ́líìtì náà ni. RX 350 àti Highlander V6 tó jáde lẹ́yìn 2007 ti di oníṣéènì.

Pathfinder àti Xterra tí wọ́n ṣe láàárín 2005 àti 2010, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Inú rédíétọ̀ wọn ni ọ́ìlì gíà ti ń gba kọjá láti tutù, ògiri àárín wọn sì ti fọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, tí omi rédíétọ̀ fi wọnú giabọ́ọ̀sì tó sì pa á. Àwọn mẹkáníìkì kárí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Ọkọ̀ dáadáa ni bí a bá yọ èyí kúrò. Bí ẹ bá ti rà á, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kí ẹ tó wà á lọ ibikíbi ni kí ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ náà. Bí ọ́ìlì gíà bá sì ti ní àwọ̀ wàrà tí wọ́n po mọ́ nǹkan pupa nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má ṣe ná gbogbo owó ọwọ́ yín sórí ọkọ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo ra tèmi, lórí ọ́ìlì gbogbo dífù àti giabọ́ọ̀sì, bíréèkì àti táyà ló sì lọ. Lórí ọkọ̀ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí jíjẹ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí bí ọ̀kan bá kéré, dífù kò ní sinmi. 265/70R16 tàbí 265/65R17 ni ti ọ̀pọ̀ nínú 4Runner tí mo ń sọ yìí. Ẹ wo nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT lára táyà: 3219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kí eyín rẹ̀ pọ̀ tó, èmi kò ní fi gbé ọmọ ẹnikẹ́ni.

Fún ìrìn àjò àti sísun níta, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú irú ọkọ̀ yìí ni pé àga ẹ̀yìn rẹ̀ ń wó lulẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí òjò bá lé wa kúrò nínú àgọ́, àwọn ìbejì á sùn síbẹ̀. Ẹ ṣí gíláàsì díẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nítorí éésì kí ẹ fi sùn, èéfín tí kò ní òórùn ń pa èèyàn lójú oorun. Inú ọgbà tí wọ́n ń ṣọ́ nìkan la máa ń pàgọ́ sí, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ibẹ̀. Bí ìlú ṣe rí báyìí, kí ẹnikẹ́ni má sùn sẹ́bàá títì, kó má sì rìn lálẹ́. Ẹ má kó ẹrù wíwúwo sórí òrùlé, ọkọ̀ gíga tètè ń ṣubú ní kọ́nà. Omi mímu, ìkòkò àti gáàsì, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wà.

Táyà àpọ́jù 4Runner, abẹ́ ìdí ọkọ̀ ló wà, ṣéènì ló so ó rọ̀, irin gígùn kan ni wọ́n sì ń tì bọ ihò lẹ́yìn láti fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, irin yẹn ti sọnù kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Ẹ béèrè rẹ̀. Kí ẹ sì sọ táyà náà kalẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, nítorí ṣéènì tó ti gan kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lóru láàárín Ìkògòsì àti Iléṣà. Okùn tó nípọn, ṣọ́bìrì àti pákó méjì kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó gùn, irú èyí tó wà ní Obudu tó ga ju 1,500 mítà lọ, ẹ fi gíà kékeré sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú. Ẹsẹ̀ tí kò kúrò lórí bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ á mú kó gbóná, tí kò sì ní di nǹkan kan mú mọ́.

Olóòtú, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Iléṣà àti Ifẹ̀ nìyí. Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n ní ibì kan, kódà kó jẹ́ kòtò oníbíríkì tí ọkọ̀ lè gorí rẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lè gbé e wá kí wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n fi òòlù kan ṣáásì rẹ̀, kí wọ́n dán fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sórí ìwé, ní iye owó tí gbogbo èèyàn mọ̀? Ọ̀gá mẹkáníìkì tèmi, orí páálí ló ń dùbúlẹ̀ sí lójú oòrùn, àwọn tó ń ta mọ́tò a sì máa bá a jà pé ó ń lé oníbàárà lọ. Bí ẹni tó ti ní irú ibi bẹ́ẹ̀ bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, kó kọ̀wé sí yín, kí ẹ sì bá wa tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ jáde. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó fẹ́ ra ọkọ̀ kí òjò tó le ń dúró de ìdáhùn náà.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Iléṣà.